ACL yín já: iṣan wo ni kí wọ́n fi ṣe òmíràn?

Ní yàrá iṣẹ́ abẹ, nígbà tí gbogbo ojú bá wà lára tẹlifíṣàn tí kámẹ́rà fi ń gbé inú orúnkún hàn, tábìlì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ìdí rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí. Dókítà á yọ iṣan lára aláìsàn, á gbé e fún mi nínú gọ́ọ̀sì tútù. Èmi á wá há ẹran tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, màá wọ̀n ọ́n, màá rán an, màá fà á títí á fi le, kó tó padà sínú ara ẹni tó ni ín. Nọ́ọ̀sì tíátà ni mí. Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n gbogbo iṣan tí ẹ lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ACL (anterior cruciate ligament, okùn tó wà láàárín orúnkún) ló ti gba ọwọ́ mi kọjá, àfi ti òkú.

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi mí láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an, tí dírípù ti wà lọ́wọ́: “Nọ́ọ̀sì, èwo ló dáa jù nínú àwọn iṣan yìí?” Ó ti bọ́ sórí nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ló yẹ kí ẹ ti bi dókítà, kí ẹ sì ti sùn lé e lórí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò kí ẹ tó bi í ni mo kọ síbí.

Ohun tó já gan-an

Láti ìgbà tí Van Dijk ti Liverpool ti fara pa ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí Sadiq Umar tiwa náà sì já tirẹ̀ ní 2022 kété tó dé Real Sociedad, ṣàṣà ni ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù tí kò mọ orúkọ ACL. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ni irú nǹkan tó jẹ́. Èdè wa gan-an máa ń dá kún un: iṣan là ń pe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan là ń pe èyí tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan náà la tún ń pe èyí tó so eegun mọ́ eegun. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú, màá máa pe ACL ní okùn, torí iṣẹ́ okùn ló ń ṣe. Ó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun ní àárín orúnkún, kí ojúgun má baà yọ́ síwájú nígbà tí ẹ bá ṣẹ́rí padà lójijì. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Iṣan, níbí, ni èyí tó so ẹran mọ́ eegun, èyí tí a ó gé lò.

Kí ló dé tí wọn ò kàn rán okùn tó já pọ̀? Wọ́n ti dán an wò. Dókítà Mayo Robson rán an ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1895. Àmọ́ inú omi orúnkún ni okùn yìí wà. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dì sójú ibi tó já, kí ìwòsàn lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, omi á ti fọ̀ ọ́ lọ, ẹnu méjèèjì ò sì ní mọ́ra. Nígbà tí wọ́n padà lọ yẹ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wò, àwọn tí wọ́n rán tiwọn ní West Point, ilé ẹ̀kọ́ ológun wọn, lẹ́yìn ọdún 5 orúnkún ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń yẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Dókítà Hey Groves ní Bristol ti gba ọ̀nà mìíràn tipẹ́, ní 1917: ó gé lára awọ líle tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ó fi ṣe okùn tuntun. Ọ̀nà rẹ̀ la ṣì ń tọ̀, ibi tí a ti ń gé nìkan ló yàtọ̀. Lónìí àwọn kan ti tún ń rán èyí tó bá já nítòsí eegun itan, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ti gbogbo èèyàn.

Iṣẹ́ abẹ yìí kò sì pọn dandan fún gbogbo ẹni tí tirẹ̀ já. Ẹni tó ń jókòó ta ọjà, tí orúnkún rẹ̀ kì í yẹ̀, fisíò (ìdárayá ìwòsàn) dáadáa lè tó o. Àwọn tó ń to eegun nílé ńkọ́? Mi ò bú wọn, wọ́n mọ eegun. Ṣùgbọ́n okùn inú orúnkún kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ fà padà láti ìta.

Ẹ gbàgbé ìdíje agbára

Àwọn ọmọkùnrin ló máa ń bèèrè èyí: “Èwo ló lágbára jù?” Ìdáhùn wà, ẹ̀rọ ti fà wọ́n já, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Okùn tí Ọlọ́run dá mọ́ ọ̀dọ́ gba nǹkan bíi 2,160 newton (ìwọ̀n agbára ìfà) kó tó já. Ẹ ro ó sí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin àti àbọ̀ tí wọ́n so rọ̀ lára rẹ̀. Iṣan iwájú orúnkún tí wọ́n gé ní fífẹ̀ mìlímítà 10 gba 2,977, àpò mẹ́fà nìyẹn. Iṣan òkè orúnkún gba 2,352, kò pé àpò márùn-ún. Iṣan ẹ̀yìn itan tí wọ́n ká sí ẹ̀ka mẹ́rin gba 4,090, ó lé ní àpò mẹ́jọ.

Ṣé ti ẹ̀yìn itan ló wá borí? Rárá o. Iye wọ̀nyí jẹ́ ti orí ẹ̀rọ, ti ọjọ́ kìíní. Lẹ́yìn tí iṣan bá wọ inú orúnkún tán, ńṣe ló máa kú díẹ̀, tí ara á wá máa sọ ọ́ di tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tuntun á máa wọ inú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá ló máa ń rọ jù, ìgbà yẹn gan-an sì ni ìrora máa ń lọ, tí aláìsàn á máa rò pé òun ti yá. Nǹkan tó ń já iṣan tuntun ni ìkánjú, àti ìdìmú tí kò le níbi tí wọ́n so ó mọ́ eegun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má fi àpò sìmẹ́ńtì yan iṣan. Ohun tí ẹ ń fi orúnkún ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ ni kí ẹ fi yan án.

Iṣan iwájú orúnkún: ó dára, bí ẹ kì í bá kúnlẹ̀

Èyí ni iṣan tó wà láàárín ìdérí orúnkún àti ojúgun, tí ẹ bá fọwọ́ tẹ iwájú orúnkún ẹ ó rí i pé ó le. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ tó wà láàárín ni wọ́n ń gé, pẹ̀lú èépá eegun kékeré lókè àti nísàlẹ̀. Eegun yẹn ni ògo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ki í bọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú eegun, tí wọ́n fi skúrù fún un, eegun á lẹ̀ mọ́ eegun láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Àwọn iṣan tí kò ní eegun lẹ́nu máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó rí ìdìmú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ dókítà fi máa ń kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ fún àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun.

Lórí tábìlì tèmi, òun ló rọrùn jù láti rán. Màá gé èépá eegun náà wẹ́wẹ́ títí á fi gba inú páìpù ìwọ̀n kọjá láìfọ́, màá lu ihò tín-ínrín sínú eegun, màá fi òwú gba ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kan iṣan gan-an. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni kí èépá eegun má fọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ìyà rẹ̀ wà ní ìkúnlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gé e gan-an ni èèyàn ń fi kanlẹ̀ nígbà tó bá kúnlẹ̀, ó sì lè máa dùn wọ́n fún ọdún. Nínú ìwé àwọn òyìnbó, gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi ń sọ èyí, tí wọ́n á sì kọjá. Lọ́dọ̀ wa, kò ṣeé kọjá. Ìyàwó ilé tó ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ, ọ̀dọ́kùnrin tó ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ẹni tó ń kúnlẹ̀ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì títí tí wọ́n á fi ní “Àmín.” Mùsùlùmí tó ń kí ìrun márùn-ún lóòjọ́, ràkáà 17 ló jẹ́ dandan fún un, ìforíkanlẹ̀ méjì sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìforíkanlẹ̀ 34 nìyẹn lóòjọ́ tí orúnkún á wà nílẹ̀, kí a má tíì ka nàfílà. Àwọn tó ń tẹ́ táìlì ńkọ́, àti fọkanáísà? Mo ti rí ẹni tó bú sẹ́kún ní kílíníkì nítorí pé kò lè kúnlẹ̀ níbi ìdáná àbúrò rẹ̀. Orúnkún náà dúró gbọin o, kò yẹ̀ rárá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ṣáájú ni.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ń dùn, fífi aṣọ nípọn tàbí fóòmù sábẹ́ orúnkún sì máa ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ìkúnlẹ̀ bá jẹ́ iṣẹ́ yín tàbí ẹ̀sìn yín, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún dókítà. Òun kò ní bi yín. Ohun mìíràn: wọn kì í lò ó fún ọmọ tí eegun rẹ̀ ṣì ń dàgbà, torí èépá eegun yẹn lè dí ibi tí eegun ti ń gùn.

Iṣan ẹ̀yìn itan, àti ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ òun òwú

Ẹ ká ẹsẹ̀ kò, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn orúnkún níhà inú, ẹ ó bá okùn líle méjì tó ń ta bí ọ̀sán ọrun. Ojú kékeré kan lábẹ́ orúnkún ni wọ́n ń gbà fà wọ́n yọ. Èyí tó nípọn jù nínú wọn lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 28. Ó lè yà yín lẹ́nu pé ó máa ń hù padà lára ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í pé bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń hù. Ìrù alángbá ni àwọn dókítà fi ń wé e.

Àǹfààní rẹ̀ hàn: ọgbẹ́ kékeré, iwájú orúnkún kò ní ìyọnu, ìkúnlẹ̀ á sì tètè padà. Àwọn kan máa ń ní ibi tó kú tìpìrì lára awọ ojúgun, nítorí fọ́nrán kékeré tó ń mú ìmọ̀lára wá gba ibẹ̀ kọjá. Ó sábà máa ń dín kù bó bá yá. Àbùkù rẹ̀ gidi ni pé agbára láti fa gìgísẹ̀ mọ́ ìdí máa ń dín kù, asáré a máa mọ̀ ọ́n lára. Lára àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó tún máa ń já ju ti iwájú orúnkún lọ díẹ̀.

Ìnira èyí wà lórí tábìlì tèmi. Iṣan iwájú orúnkún, ìwọ̀n tí dókítà bá fẹ́ ló máa gé. Èyí, ohun tí Ọlọ́run bá fi sí ẹ̀yìn itan yín la máa bá. Ẹni tó kúrú tó sì tín-ínrín, tirẹ̀ sábà máa ń tín-ínrín. Lẹ́yìn tí mo bá ti ká a sí mẹ́rin, màá fi bọ inú àwọn páìpù ìwọ̀n, tí ọ̀kan fi ìdajì mìlímítà ju èkejì lọ. Mìlímítà 8 ni a ń wá. Tó bá kéré sí i, pàápàá lára ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún, ewu pé á tún já máa ń ga. Nígbà tí mo bá ké pe “méje ààbọ̀!” gbogbo yàrá á dákẹ́. Dókítà tó ti ronú ṣáájú á ní kí n tún un ká sí ẹ̀ka márùn-ún tàbí mẹ́fà, tàbí kó ti mọ ibòmíràn tó máa gé sí. Ẹni tí kò ronú, á rán an bẹ́ẹ̀.

Rírán rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ mọ irun, èyí kò ní ṣòro fún yín. Ọ̀nà kan dà bí irun kíkó: abẹ́rẹ́ á wọ inú iṣan, òwú á lọ́ yí i ká, á tún wọlé díẹ̀ sókè, á tún lọ́, títí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Ó yá, ó mọ́, kì í sì mú iṣan wú. Ọ̀nà kejì dà bí irun dídì, òwú méjì ń pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ láti ọ̀tún sí òsì. Ẹ̀kẹta ni ti Krackow, dókítà ará Amẹ́ríkà tó gbé e jáde ní 1986: ní etí iṣan méjèèjì, ojú ìrán kọ̀ọ̀kan á dè ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí wọ́n bá ṣe ń fà á ló ń fún sí i. Ó lágbára, kì í yọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò. Fún ẹ̀yìn itan, irun kíkó ni mo fẹ́ràn jù. Iṣan náà rọ̀, ó gba òwú dáadáa. Òwú tí kì í jẹrà la ń lò, oníhíhun, nọ́ńbà 2.

Ohun tó ju irú ìrán lọ ni pé kí ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà dọ́gba. Ẹ wo gángan: bí ọ̀kan lára awọ tó so ojú rẹ̀ méjèèjì bá dẹ̀, ohùn á ti bàjẹ́. Bí ẹ̀ka kan bá dẹ̀ nínú iṣan, mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ mẹ́rin, mìlímítà 8 yín ti di irọ́. Nítorí náà màá so ó mọ́ pákó ìfà, màá fi agbára bíi kílò 8 tàbí 9 fà á fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ìdẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ àti nínú ojú ìrán jáde kó tó wọ ara. Ní gbogbo àkókò yìí, gọ́ọ̀sì tí a ti rì sínú vancomycin, mílígíráàmù 5 nínú mìlílítà omi iyọ̀ kan, ló máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ó ń pa kòkòrò inú awọ tó máa ń bá iṣan rìn, kì í sì jẹ́ kí iná tíátà gbẹ ẹ́. Iṣan tó gbẹ ti bàjẹ́.

Tó bá wá bọ́ sílẹ̀? Ó máa ń ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá ní kò ṣẹlẹ̀ rí kò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Wọn kì í sáré sọ ọ́ nù. Rírì í sínú chlorhexidine ló fi hàn pé ó ń fọ kòkòrò kúrò ju àwọn yòókù lọ, ó sì yẹ kí wọ́n sọ fún aláìsàn lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣan òkè orúnkún

Orí ìdérí orúnkún ni wọ́n ti ń gé èyí, lára iṣan ńlá iwájú itan. Ó nípọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti iwájú orúnkún, nítorí náà kò sí àníyàn mìlímítà 8. Ìkúnlẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀, ibi tó kú tìpìrì náà kéré. Láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn làwọn dókítà ti túbọ̀ ń gba tirẹ̀. Ohun tó ń gbà ni agbára iwájú itan, títa ẹsẹ̀ gbọnrangandan á le fún oṣù díẹ̀, ẹni tí kò ní fisíò tó dúró ṣinṣin tì í á máa tiro fún ìgbà pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo dókítà ló mọ ọ̀n gé dáadáa. Ìpele ìpele ló wà bí bébà tí wọ́n tò jọ, ìdí nìyí tí mo fi máa ń rán an lọ́nà Krackow, kí òwú gbá gbogbo ìpele mú. Tí ẹ bá fi irun kíkó rán an, ìpele òkè lè yọ jáde kó fi ìyókù sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni orúnkún mi já lọ́la, tí mo sì ní dókítà tó ti ṣe é púpọ̀, òun ni màá ní kí wọ́n lò. Ọmọ Ọlọ́run tó ń kúnlẹ̀ ni mí.

Ti òkú, àti ti àtọwọ́dá

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston tàbí London, dókítà yín lè dárúkọ iṣan ẹni tó ti kú, tí wọ́n tọ́jú sínú yìnyín ní báǹkì ẹ̀yà ara. Nílé, kò wọ́pọ̀. Wọn ò ní gé yín níbòmíràn, ìrora á kéré, iṣẹ́ abẹ á yá. Fún ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún tí kì í sáré, tàbí ẹni tí okùn púpọ̀ já lẹ́ẹ̀kan náà nínú jàǹbá ọkọ̀, ó bójú mu. Fún ọ̀dọ́ tó ń ṣeré ìdárayá, rárá. Ìwádìí àwùjọ MOON ní Amẹ́ríkà rí i pé jíjá rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ti iṣan ara ẹni, tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi ìtànṣán pa kòkòrò inú rẹ̀, ó tún máa ń rọ sí i. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí i.

Ti àtọwọ́dá, Gore-Tex, Dacron àti káábọ̀nù tí wọ́n fi ń ṣe é láyé 1980, wọ́n já, wọ́n sì mú orúnkún wú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí ohun tuntun.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé

Ẹ sọ iṣẹ́ yín, ẹ̀sìn yín àti eré tí ẹ ń ṣe fún dókítà, ní ẹyọ ẹyọ. Ẹ bi í irú iṣan tí òun fúnra rẹ̀ máa ń lò jù. Dókítà tó ti fi ẹ̀yìn itan ṣe igba orúnkún á ṣe tiyín dáadáa ju bó ṣe máa ṣe iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní ìpàdé oṣù tó kọjá. Ẹ bi í ohun tó máa ṣe bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tí kò tó 8. Ẹ wá fisíò ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kí ẹ sì fi sọ́kàn pé oṣù mẹ́sàn-án ló kéré jù kí ẹ tó padà sórí pápá. Àwọn olùwádìí ní Oslo àti Delaware rí i pé oṣù kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá fi ní sùúrù, títí di oṣù kẹsàn-án, ń dín ewu títún fara pa kù ní ìdajì.

Ẹ tún bi í ta ni yóò rán iṣan náà. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé a lè bèèrè. Bó bá dáhùn pé nọ́ọ̀sì ni, ẹ má fòyà. Ẹ kàn bi í bóyá ọdún tó ti wà nídìí tábìlì yẹn ju ọdún kan lọ.